Yèyé àti Ìlà Tó Kúrú Jù

Wọ́n ní Yèyé ti lọ, mo ní lọ síbo? Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn lórí fóònù, níwájú kíláàsì tí mo ń kọ́ ní Ìjerò, tí ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ayọ̀, àbúrò mi tó pè mí, ẹkún ló ń sun. Mo tún bi í bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́: "Ṣé Àrámọ̀kọ ló lọ ni, àbí oko?" Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ń já ata lẹ́yìnkùlé, ó ní ata ọdún yìí ń ta bí ẹni pé ó ń bá ènìyàn jà. Obìnrin tó ń já ata láàárọ̀, tó ń fi ata ṣe yẹ̀yẹ́, báwo ló ṣe kú kí oòrùn tó mú? Títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí, ara mi kò tíì gbà á.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ ìyẹn sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ti bí i, ìgbà tó gba ìrìbọmi, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó fi sílẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á láti òkè délẹ̀, n kò rí Yèyé. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ó máa ń fa aáṣáà símú bí pásítọ̀ bá ti yí ẹ̀yìn padà. Kò sì síbi tí wọ́n ti kọ ìbéèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ni Yèyé gan-an.

Yèyé kì í gba ìdáhùn ẹyọ kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, gbogbo àwa ọmọ-ọmọ á ya bo ilé rẹ̀ ní abúlé wa létí ọ̀nà Àrámọ̀kọ, a ó sì kún ilé ìdáná rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìpàdé. Yèyé á jókòó sórí àpótí, á bi wá léèrè ohun tá a fẹ́ jẹ. Ariwo á sọ. Ìrẹsì! Iyán! Dòdò! Yóò gbọ́ ọ tán, yóò wá na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo gbọ́ ti uyán. Bí kò bá sí uyán ńkọ́?" Ẹni tó bá ní iṣu sísè, ó gbọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀bà, ó gbọ́. Ìgbà náà ló máa ń tó mọ ohun tí yóò gbé kaná, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ohun tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Délé, ọmọ àbúrò bàbá mi, kì í fẹ́ gbọ́ ìbéèrè kejì yẹn sétí. Ìrẹsì ló fẹ́, bí kì í bá ṣe ìrẹsì, kí wọ́n jẹ́ kí òun kú. Lọ́jọ́ kan, ó dijú, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń sunkún ní kọ̀rọ̀, àwa yòókù sì ń fi iṣu run epo. Yèyé wò ó títí, ó ní: "Délé, uwọ ò sọ ìkejì rẹ fún mi. Ibo ni kí n ti mọ̀ ọ́n?"

Kò jọ pé ó ń rí i nígbà tó bá ṣìṣe. Lọ́dún kan, ó bi gbogbo ilé bóyá ewúrẹ́ la máa fi ṣe Kérésì àbí àkùkọ. Àwọn tó fẹ́ ewúrẹ́ ní bí kò bá sí ewúrẹ́, àwọn fara mọ́ ẹja. Àwọn tó fẹ́ àkùkọ náà ní ẹja. Ẹja pánlá la fi ṣe Kérésì lọ́dún náà! Àkùkọ ń kọ lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu wa lẹ́nu ọ̀nà, àwa sì ń wo ẹja nínú àwo. Bàbá Délé bínú débi pé ó gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ sí Adó láìdágbére. Nígbà tí wọ́n sọ fún Yèyé pé ọmọ rẹ̀ ti lọ, ó da epo sórí iṣu tirẹ̀, ó ní: "Kò sẹ́ni tó sunkún."

Àmọ́ ọ̀nà kan náà yẹn ló fi parí ìjà orúkọ Ayọ̀. Nígbà tí wọ́n bí i, orúkọ ń bọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ìyẹn kò burú, bá a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Orí orúkọ tí a ó máa pè é lójoojúmọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ìdílé bàbá mi ní tiwọn, ìdílé ìyá mi ní tiwọn, àwọn àna sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ara wọn níbi ìkómọ. Yèyé fa apá kan lọ sí kọ̀rọ̀, ó bi wọ́n, ó tún fa apá kejì lọ, ó bi wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ní bí kì í bá ṣe tàwọn, Ayọ̀ kò burú. Ó jáde wá, ó gbé ọmọ, ó ní: "Orúkọ tí gbogbo ulé lè pè láìfajúro ni mo ń wá."

Kí ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni o. Ìjà ni Yèyé fi ń mí. Nígbà kan, ìyálóde àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí àwọn tó fẹ́ kí ìkórè bọ́ sí oṣù kan nawọ́ sókè, ó ka ọwọ́, ó ní ó ti parí. Yèyé dìde láti ẹ̀yìn, ó ní ta ló bi àwọn tí kò nawọ́. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyálóde títí wọ́n fi gba oore-ọ̀fẹ́. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ kó yíjú, ó ní ọrùn ń dun òun.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fà á tí mo fi mú ìwé kọ.

Iṣẹ́ kòkó la ń ṣe lábúlé wa. Ẹni tó bá mọ kòkó mọ̀ pé tí a bá ti fọ́ ọ, tí a bo èso rẹ̀ kó lè gbóná tó, oòrùn ló kù. Bí òjò bá dí oòrùn lọ́wọ́, kòkó á bu, ẹni tó ń rà á kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí abúlé fi para pọ̀ ṣe pèpéle sìmẹ́ńtì ńlá kan tí a ń sá kòkó lé, tó ní páànù tí wọ́n lè fà bò ó bí òjò bá dé. Pèpéle kan ṣoṣo ni. Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó ló ń sọ kòkó ta ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí i pé ipò yẹn kì í ṣe ipò ṣeréṣeré.

Ìsàlẹ̀ àti Òkè ni àwọn agbolé ńlá méjì tó ń du ipò náà. Ìsàlẹ̀ ni tiwa, ilé ọkọ Yèyé. Yàtọ̀ sí wọn, àwọn ilé díẹ̀ wà létí odò tí wọ́n ṣì ń bọ Ògún, níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Yèyé kó tó ṣe ìgbàgbọ́. Àwọn ìdílé díẹ̀ mìíràn sì wà tí wọ́n wá láti apá Èrìò, ìjọ CAC ni gbogbo wọn. Bí a ṣe ń yan alága tẹ́lẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù, ó wọlé. Lọ́dọọdún, Ìsàlẹ̀ tàbí Òkè ló ń wọlé, kòkó agbolé tó bá wọlé ló sì ń kọ́kọ́ bọ́ sí pèpéle. Àwọn ilé kéékèèké á dúró, dúró, títí kòkó wọn á fi bu nínú agbọ̀n. Nígbà tó yá, ìjà bẹ́. Alága tó wá láti Òkè wọlé, bẹ́ẹ̀ àwọn tí kò tò sẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ fa ìgbálẹ̀ yọ, wọ́n gbá kòkó àwọn ará Òkè kúrò lórí pèpéle sínú gọ́tà.

Níbi ìpàdé tí wọ́n pè láti parí ìjà yẹn ni Yèyé ti dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa bi ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ká tò bá a ṣe ń tò. Bí ìlà ẹnìkan bá ju gbogbo ìlà yòókù papọ̀ lọ, ó parí, òun lalága. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ìlà tirẹ̀ kúrú jù jókòó. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá sọ fún wa, bí kò bá sí i, ẹ̀yìn ta ni wọ́n fẹ́ lọ. Ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹnìkan á fi borí."

Bàbá Kẹ́hìndé, tó ń du ipò fún Òkè, rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ ò kúkú sọ pé ọmọ yín lẹ fẹ́ gbé wọlé."

"Ọmọ mi á tò ní tirẹ̀, uwọ náà á tò ní tìrẹ."

Ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí ni bàbá mi, àkọ́bí Yèyé, tí gbogbo abúlé ń pè ní Bàbá Fúnmi nítorí tèmi. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin tuntun náà. Ó ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: àwọn ará etí odò, ará ìyá òun ni wọ́n, àwọn CAC sì ń wá gba omi lẹ́nu kànga òun. Bí ìlà wọn bá tú, ọ̀dọ̀ ta ni wọn ó lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ òun? Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà ló fi ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń bẹ ènìyàn pé kí wọ́n tò sẹ́yìn òun. Mo wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ kan tó dé, tó jókòó ti oúnjẹ. Yèyé bu ọbẹ̀ fún un, ó ní: "Adé, àkọ́kọ́ lo ń tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ta lo ti tọrọ ìkejì lọ́wọ́ rẹ̀?" Bàbá mi ní ẹni tó bá ti ní àkọ́kọ́ kò wá ìkejì kiri. Yèyé fi ẹran kún àwo rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé, a kóra jọ sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló dúró níwájú: bàbá mi, Bàbá Kẹ́hìndé, Ògúnlékè láti etí odò, àti Màmá Ṣadé, obìnrin CAC kan tó mọ kòkó sá ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Èmi wà lẹ́yìn bàbá mi. Ìlà wa gùn, ó gùn dé ìdí igi máńgòrò. Ti Bàbá Kẹ́hìndé ló tẹ̀ lé e. Ti Ògúnlékè kúrú, ti Màmá Ṣadé kò tó nǹkan rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, ìlà wa kò tó ti àwọn yòókù papọ̀. A kò tilẹ̀ dààmú. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan gbá mi nígbọ̀nwọ́ pé, "Fúnmi, wo Yèyé."

Mo wò, mo tún wò. Yèyé ló wà níwájú ìlà Màmá Ṣadé, ìlà tó kúrú jù lọ, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹnu mi là, kò pa dé. Ìyá tó bí ẹni tó ń du ipò! Gbogbo pápá ló rí i. Bàbá mi rí i pẹ̀lú, ó sì ṣe bí ẹni tí eṣinṣin bà lójú, ó kàn ń ṣẹ́jú.

Màmá Ṣadé jókòó. Ìlà rẹ̀ tú, wọ́n ní kí wọ́n lọ síbi tó wù wọ́n. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í gba ẹ̀gbẹ́ ojúbọ Ògún kọjá, ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà lọ sódò. Mo rí i kedere, wọ́n rìn kọjá níwájú wa, wọ́n rìn kọjá níwájú Òkè, wọ́n sì lọ tò sẹ́yìn Ògúnlékè. Gbogbo wọn o! Àṣé wọ́n ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn pé èyíkéyìí tó bá ṣubú nínú àwọn kéékèèké, kó lọ ran èkejì lọ́wọ́. Yèyé ló wà níwájú wọn. Nígbà tó dé ọ̀gangan ibi tí bàbá mi wà, bàbá mi ní: "Yèyé, èmi lẹ bí."

Yèyé dúró. "Uwọ ni mo bí, Adé. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kòkó tìrẹ lo máa kọ́kọ́ sá."

Wọ́n tún kà. Ìlà Ògúnlékè ti fi díẹ̀ ju ti Bàbá Kẹ́hìndé lọ. Òkè pariwo, wọ́n ní kí wọ́n tún un kà, wọ́n tún un kà, bákan náà ni. Bàbá Kẹ́hìndé tó ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ ní láti jókòó sórí koríko. Wàyí o, Òkè ló kù tí wọ́n máa bi. Bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀. "Èmi? Sẹ́yìn ọmọ Ìsàlẹ̀? Kí kòkó mi kúkú bu!" Àwọn kan bínú gba ilé lọ. Àwọn tó kù rọ́ lọ sẹ́yìn Ògúnlékè, wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, àwa ni wọ́n kórìíra.

Bí ẹni tó ṣe ipò kẹta láàárọ̀ ṣe di alága kó tó di ọ̀sán nìyẹn. Ògúnlékè fúnra rẹ̀ yíjú wẹ̀yìn láti wo ìlà ta ló gùn tó bẹ́ẹ̀. "Ṣé èmi ni?" ó ń bi wọ́n. "Ẹ wò ó dáadáa, ṣé èmi ni?"

Ẹ̀kọ́ ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjerò. Bí a bá dé orí ètò ìdìbò, mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn orílẹ̀-èdè kan wà, bíi Ọsirélíà, tó jẹ́ pé nọ́mbà ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn tó ń díje: ọ̀kan fún ẹni tí wọ́n fẹ́ jù, méjì fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni tí o fẹ́ jù bá ṣubú, ìbò rẹ á lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kékeré tí ìbò àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan fi ti jókòó nílé aṣòfin wọn rí: àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yòókù ń yí ìbò fún un, àwọn ńlá sì kórìíra ara wọn ju bí wọ́n ṣe kórìíra rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ máa ń pariwo. "Àǹtí, ṣé kì í ṣe màgòmágó nìyẹn?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ní pápá. Ṣùgbọ́n ta la jà lólè? Ènìyàn kan, ìlà kan ni, ní gbogbo ìgbà. Àwa tí a pọ̀ jù, a kò ní ẹnìkan tó fara mọ́ wa yàtọ̀ sí ara wa.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi kò ti jẹ oúnjẹ Yèyé mọ́. Kò pa ìkíni jẹ o. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, tó ń bèèrè bó ṣe jí. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí Yèyé bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, bàbá mi á dìde. Bí mo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, èmi ni Yèyé ń rán. Lọ bi Bàbá rẹ bóyá á jẹ uyán. Màá lọ, bàbá mi á ní òun yó. Màá padà dé, Yèyé á ní: "Tún lọ. Bí kò bá sí uyán ńkọ́?" Màá tún lọ. Bàbá mi kì í dáhùn ìyẹn rárá, ògiri ló máa ń kọjú sí. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dùn mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi orí wọn kan ara wọn.

Ògúnlékè ní tirẹ̀ gbé ìlànà kan kalẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ fọ́ kòkó ni yóò kọ́kọ́ sá. Kò wo agbolé, kò wo ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ń dúró de àyè tirẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, ó ń kùn. Ní ìgbẹ̀yìn òjò, mo pàdé rẹ̀ ní Àrámọ̀kọ níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ó wò yíká kó tó rọra sọ fún mi pé: "Kòkó mi kò bu lọ́dún yìí o. Má sọ fún Yèyé." Mo délé, mo sọ fún Yèyé. Ó ní: "Mo ti mọ̀. Mo lọ wò ó."

Mo rò pé ìyẹn yóò yanjú rẹ̀. Mo ń retí Kérésì, mo ní ó pẹ́ ni, ó yá ni, wọn ó jọ jókòó ti àwo kan náà. Ìpè Ayọ̀ ló dé.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, agbọ̀n ata ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ata inú rẹ̀ kò tíì rọ. Wọ́n ní ó jókòó láti sinmi, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tán. Lórí tábìlì ilé ìdáná, àwo kan wà tí wọ́n da àwo mìíràn bò. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni ín. Bàbá mi wọlé, ó ṣí i. Iṣu sísè ni, epo ti dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi dúró tì í. Ó fi ìka kan iṣu náà.

"Ó ti tutù," ó ní. Ó tún un bò, ó jáde. N kò rí ẹkún lójú rẹ̀ títí a fi sin Yèyé, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí sáà Ògúnlékè fi parí. A tún kóra jọ sí pápá. Bàbá mi tún jáde, Bàbá Kẹ́hìndé náà jáde, Màmá Ṣadé sì jáde, àwọn ará etí odò ti dara pọ̀ mọ́ ìlà tirẹ̀. Ògúnlékè ló ń ka ènìyàn. Ìlà bàbá mi ló tún gùn jù, kò sì tún tó ti àwọn yòókù papọ̀. Kí Ògúnlékè tó lanu, àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó, wọ́n ń gbé bàbá mi sókè. Ògúnlékè ń pariwo pé ó ku ìbéèrè kejì. Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn: "Yèyé ti kú! Òfin rẹ̀ ti bá a lọ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi láyà. Mo rò pé ilẹ̀ máa là. Bàbá mi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, fìlà rẹ̀ ti bọ́, ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́! A ò tíì bi ènìyàn tán."

"Bàbá, ẹ ti wọlé!"

"Mi ò tíì wọlé." Ó yíjú sí ìlà Bàbá Kẹ́hìndé, tó kúrú jù lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ̀yin ará Òkè, bí kò bá sí Bàbá Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Orí mi wú. Ẹnu Yèyé ni! Ohùn náà gan-an, bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ gùn díẹ̀. Bàbá Kẹ́hìndé kò jiyàn, ó jókòó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró, wọ́n ń wo bàbá mi bí ẹni tí wọn kò rí rí. Àwọn kan wá sẹ́yìn rẹ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù lọ sẹ́yìn Màmá Ṣadé. Bàbá mi bá Ògúnlékè kà wọ́n, ó ń ka tẹni tó ń borí rẹ̀ sókè ketekete. Màmá Ṣadé di alága, bàbá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ wa wò ó bí wèrè.

A délé nírọ̀lẹ́. Bàbá mi kò yà sí yàrá rẹ̀. Ó lọ tààrà sí ilé ìdáná Yèyé, ibi tí kò ti jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ó fa àpótí Yèyé, ó jókòó sórí rẹ̀, ó kọjú sí ààrò tí kò níná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n wọlé. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan.

"Yèyé," bàbá mi ní, "bí kò bá sí uyán, mo lè jẹ uṣu sísè."

Ó wá ń sunkún. Mo wọlé, mo dáná.